Ìrírí mi: kíkó aṣọ ààbò àti aṣọ òjò jọ fún alùpùpù nílẹ̀ olóoru

Aṣọ ààbò tí ooru rẹ̀ kò ṣeé fara dà, orí ìṣó ló máa ń wà. Ohun tí mo fi sọ́kàn nìyẹn nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí n ó máa wọ̀ lórí alùpùpù láàárín Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́, nínú oṣù kẹrin, kí òjò tó wọlé tán. Ọ̀pọ̀ nínú jákẹ́ẹ̀tì tó ń ti òkè òkun wá, òtútù ni wọ́n rò tí wọ́n fi rán an: aṣọ ìta nípọn, láínì tí omi kì í gbà kọjá wà nínú, òmíràn tún wà lábẹ́ ìyẹn. Ẹ wọ irú rẹ̀ ní agogo méjì ọ̀sán nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Mọ́kọ́lá, ẹ ó ti bọ́ ọ kí ẹ tó dé Sàngó.

Nítorí náà, mo pín iṣẹ́ náà sí méjì. Ohun tó máa gbà mí lọ́wọ́ ọ̀dà títì yàtọ̀, ohun tó máa gbà mí lọ́wọ́ òjò yàtọ̀. Jákẹ́ẹ̀tì oníhò bí àwọ̀n tí gáàdì, ìyẹn ohun tó ń gba ìkọlù kó má bàa dé eegun, wà nínú rẹ̀ ni ti ojoojúmọ́. Aṣọ òjò fẹ́lẹ́ tó tóbi jù ú lọ wà nínú àpò lẹ́yìn alùpùpù, ìgbà tí òjò bá ṣú ni mo ń yọ ọ́. Mo wo àwọn aṣọ olówó gọbọi tí wọ́n ní omi kò lè wọ̀ ṣùgbọ́n òógùn lè jáde, mo sì fi wọ́n sílẹ̀. Kì í ṣe pé irọ́ ni. Òógùn máa ń gba inú aṣọ bẹ́ẹ̀ jáde nígbà tí afẹ́fẹ́ inú aṣọ bá gbóná, tó sì kún fún ọ̀rinrin ju ti ìta lọ dáadáa. Ní oṣù kẹfà níbí, ìyàtọ̀ inú àti ìta kéré, òógùn kì í tètè rí ọ̀nà jáde. Tí aṣọ ìta bá wá rẹ tán, ọ̀nà náà tún dí sí i. Gáàdì ni mo fi owó ìyẹn rà.

Orí ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo fi téèpù télọ̀ yí orí mi ká, ní ibi tó fi ìka kan ga ju irun ojú lọ, kó gba ibi tí ìpàkọ́ ti yọ jù kọjá. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, mo mú èyí tó tóbi jù, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 58. Iye yẹn ni mo fi ra àṣíborí, kì í ṣe M tàbí L, torí pé M ilé iṣẹ́ kan lè jẹ́ L ibòmíràn. Lẹ́yìn náà ni mo wo lébẹ́ẹ̀lì. Ti ECE, ìlànà tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù, máa ń wà lára okùn àgbọ̀n, wọ́n rán an mọ́ ọn ni: lẹ́tà E àti nọ́ńbà orílẹ̀-èdè kan nínú òbìrí, nọ́ńbà gígùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí nọ́ńbà gígùn náà bá fi 05 bẹ̀rẹ̀, ìlànà 22.05 ni wọ́n fi dán an wò. 06 jẹ́ ti 22.06, èyí tó tuntun. P ń sọ pé àgbọ̀n rẹ̀ ń dáàbò boni, J pé kò bo àgbọ̀n rárá. NP ni kí ẹ ṣọ́ra fún: ó bo àgbọ̀n lójú, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kò lè gba ìkọlù. Ti Amẹ́ríkà, àkọlé DOT nìkan kò tó: lára lébẹ́ẹ̀lì tòótọ́ láti ọdún 2013, ẹ ó rí orúkọ ilé iṣẹ́, "FMVSS No. 218" àti "CERTIFIED".

Àjọ FRSC ti fi dandan lé àṣíborí láti oṣù kìíní ọdún 2009, nígbà tí àwọn ọlọ́kadà kan ń dé igbá. Ó dùn mí pé púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà létí títì báyìí kò fi nǹkan kan sàn ju igbá yẹn lọ. Ike lásán ni, fóòmù inú rẹ̀ rọ̀ bíi ti tìmùtìmù. Fóòmù tó ń ṣiṣẹ́ líle, irú èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí, ó sì máa ń nípọn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5. Fífọ́ tó ń fọ́ ni kì í jẹ́ kí agbára ìkọlù dé ọpọlọ, kì í sì í padà sí bó ṣe wà mọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní ra àṣíborí tòkunbọ̀ láéláé: ojú kì í rí ibi tí fóòmù ti rún. Mo de okùn, mo mi orí sọ́tùn-ún àti sósì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ń bá a lọ. Mo tún di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú níbi ìpàkọ́, mo tì í síwájú. Èyí tó bá bọ́ lórí pẹ̀lú okùn ní dídè, ẹ dá a padà.

Jákẹ́ẹ̀tì ló gba àkókò jù. Lébẹ́ẹ̀lì EN 17092, ìlànà Yúróòpù fún aṣọ alùpùpù, ni mo wá nínú rẹ̀: AAA ló lágbára jù, AA tẹ̀ lé e, A ni ọ̀pọ̀ jákẹ́ẹ̀tì alàwọ̀n máa ń ní. Mo gba A torí ooru, ṣùgbọ́n mo rí i pé aṣọ tó dí, tí kò ní ihò, ni wọ́n fi bo èjìká àti ìgúnpá, torí ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń fara gbálẹ̀. Mo wá fa gáàdì jáde kúrò nínú àpò wọn, mo ka ohun tí wọ́n kọ sí i. EN 1621-1 ni ti èjìká (S), ìgúnpá (E) àti orúnkún (K). Nọ́ńbà 1 tàbí 2 ni ipele: ní ipele 1, agbára ìkọlù tó ń kọjá sára kò gbọ́dọ̀ ju 35 kN (kílónútìnì, ìwọ̀n agbára) lọ ní ìpíndọ́gba, ní ipele 2, 20 kN. Ẹ wá T+ pẹ̀lú. Ó ń sọ pé wọ́n dán gáàdì náà wò ní 40 °C, torí pé àwọn kan máa ń rọ̀ jù nínú ooru. T−, tí í ṣe ti òtútù, kò kàn wá. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti sábà máa ń fi nǹkan pa mọ́: fóòmù lásán tí kò ní àkọlé kankan ni mo bá nínú àpò ẹ̀yìn. Mo yọ ọ́ dànù, mo fi gáàdì ẹ̀yìn tó ní EN 1621-2 sí i. Mo gé páálí ní ìwọ̀n àpò náà kí n tó lọ rà á, torí pé èyí tó kéré yóò yí, èyí tó tóbi kò ní wọlé.

Mo jókòó sórí alùpùpù pẹ̀lú rẹ̀, mo na ọwọ́ sí háńdù. Tí gáàdì ìgúnpá bá ṣí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí mo bá fi ọwọ́ tì í, aṣọ náà ti tóbi jù. Ìdè tó wà lára apá jákẹ́ẹ̀tì ni mo fà kó lè fún mọ́ mi lọ́wọ́.

Èèyàn lè rí jákẹ́ẹ̀tì alùpùpù òkìrìkà tó dára lọ́jà, àmọ́ ẹ yí inú rẹ̀ síta kí ẹ tó náwó. Ohun tí wọ́n fi kun inú aṣọ kí omi má bàa wọlé máa ń bàjẹ́ nínú ooru àti ọ̀rinrin bí ọdún ti ń lọ: á máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, á máa bó bí awọ ẹja gbígbẹ. Òógùn àjèjì ṣeé fọ̀, èyí kò ṣeé tún ṣe. Bákan náà ni bàtà òkìrìkà. Mo tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Èyí tó bá sán, tàbí tó ń rún bí àkàrà àná, máa já sílẹ̀ lọ́jọ́ kan lórí ìrìn.

Aṣọ òjò: mo mú ẹ̀wù àti ṣòkòtò lọ́tọ̀, ìwọ̀n kan sí méjì ju èyí tí mo ń wọ̀ lọ, kí ó lè borí jákẹ́ẹ̀tì. Èyí tó dà bí agbádá, tó ṣí sílẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ má fi gun alùpùpù. Atẹ́gùn á gbé e sókè, ṣéènì tàbí táyà ẹ̀yìn á sì fà á wọlé. Mo yí i síta láti wo ojú rírán. Gbogbo ihò abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ ní téèpù tí wọ́n fi iná lẹ̀ mọ́ ọn, pàápàá láàárín itan, torí orí ìjókòó ni omi ń dúró sí, ibẹ̀ ló sì ń gbà wọlé kí ó tó gba ibikíbi. Síìpù iwájú gbọ́dọ̀ ní aṣọ ìbòrí méjì. Mo mú àwọ̀ yẹ́lò tó ń tàn, ṣùgbọ́n ojúmọmọ ni ìyẹn wúlò. Lálẹ́, àfi ìlà tó ń dá iná mọ́tò padà.

Kí n tó gbẹ́kẹ̀ lé e, mo dán an wò nílé. Mo wọ síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò aláwọ̀ eérú sábẹ́ rẹ̀, torí pé àwọ̀ yẹn máa ń ṣókùnkùn níbi tó bá ti rẹ. Mo jókòó sórí àpótí bí ẹni tó wà lórí alùpùpù, wọ́n sì rọra ń da omi lé mi lórí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rin. Ọrùn àti àárín itan ló jò. Mo sá a gbẹ, mo fi góòmù ojú rírán pa á lẹ́ẹ̀mejì láti inú, wákàtí mẹ́rìnlélógún láàárín wọn. Ti ọrùn, aṣọ ìborùn fẹ́lẹ́ ló yanjú rẹ̀.

Ìbọ̀wọ́ gbọ́dọ̀ ní ìdè ní ọrùn ọwọ́ àti ohun líle ní àtẹ́lẹwọ́. EN 13594 ni lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Nínú òjò, ẹ fi ọrùn ìbọ̀wọ́ sábẹ́ apá aṣọ òjò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi á ṣàn láti apá wọ inú rẹ̀. Ṣòkòtò náà, ìta bàtà ni, kì í ṣe inú. Bàtà ròbà tí àwọn ọlọ́kadà ń wọ̀ kì í jẹ́ kí omi wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gba ọrùn ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó sì máa ń bọ́ téèyàn bá ṣubú. Bàtà awọ tó ga kọjá ọrùn ẹsẹ̀ ni mo yàn, mo sì ki okùn rẹ̀ bọ inú kó má bàa kọ́ jíà.

Gíláàsì ojú àṣíborí tó mọ́ gaara, tí kò dúdú, nìkan ni mo ń lò nínú òjò. Mo fi ẹ̀kán kan ọṣẹ olómi pa inú rẹ̀, mo nù ún títí tó fi mọ́, èémí kì í bò ó fún bí ọjọ́ kan. Pẹtiróòlù kò gbọ́dọ̀ kàn án, á sán.

Tí mo bá délé, mo máa ń yí aṣọ òjò síta, mo máa ń fi í kọ́ sábẹ́ òrùlé níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kì í ṣe inú oòrùn, torí oòrùn ló ń bó téèpù. Tó bá sùn nínú àpò pẹ̀lú omi lára, ọjọ́ kejì ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Ṣòkòtò ni mo ń ká sókè nínú àpò, ẹ̀wù sísàlẹ̀, torí pé ṣòkòtò ló gba àkókò jù láti wọ̀ létí títì nígbà tí ẹ̀kán àkọ́kọ́ bá já.