Bí ẹ ṣe lè fi ìlù dùndún àti ilẹ̀ àpáàdì Ifẹ̀ ṣe motion design

Ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ motion design, ìyẹn àwòrán àti lẹ́tà tó ń rìn nínú fídíò, lọ́dọ̀ mi ní Lágeere n'Ífẹ̀ máa ń bi mí jù ni pé níbo ni mo ti ń rí èrò. Wọ́n rò pé ìkànnì kan wà tí mo fi pamọ́ fún wọn. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni mo fẹ́ kọ síbí: ẹ má kọ́kọ́ wá àwọ̀, ẹ má kọ́kọ́ wá lẹ́tà tó rẹwà. Ẹ kọ́kọ́ wá bí nǹkan ṣe ń lọ, ibi tó ti ń yára àti ibi tó ti ń dúró. Èèyàn lè kó gbogbo àwọ̀ tó dára lórí Pinterest sínú iṣẹ́ kan kí iṣẹ́ náà má sì mí rárá.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, nǹkan mẹ́ta ló ń darí ọwọ́ mi: àwọn onídùndún, ilẹ̀ àpáàdì tó wà n'Ífẹ̀ níbí, àti iṣẹ́ obìnrin ará Jámánì kan tó fi bébà gígé ṣe fíìmù, Lotte Reiniger. Bí mo ṣe ń lò wọ́n nìyí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlù. Ẹ lọ sí òde tí àwọn onídùndún ti ń ṣeré, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ aṣáájú wọn, ẹ fún wọn lówó, kí ẹ sì gba ohùn wọn sórí fóònù. Ẹ súnmọ́ ẹni tó gbé gúdúgúdú kọ́rùn. Gúdúgúdú kì í sọ̀rọ̀ bí ìyáàlù. Bílálà awọ méjì ni wọ́n fi ń lù ú, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kó di ìgbà mú kí àwọn tó kù má baà ṣìnà. Òun ni ẹ ó fi ka frame, ìyẹn àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ń tẹ̀ lé ara wọn di fídíò.

Ẹ ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ oníjó ń kanlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Bó bá jẹ́ 100, tí fídíò yín sì jẹ́ frame 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, frame 15 ló wà láàárín ẹsẹ̀ kan sí èkejì. Bó bá jẹ́ 120, yóò di frame 12 àbọ̀, kò sì sí ohun tó ń jẹ́ àbọ̀ frame. Ẹ gbé iṣẹ́ náà sí 24, yóò di 12 géérégé. Mo fẹ́ràn 15 àti 12 nítorí pé àwọn méjèèjì ṣe é pín sí mẹ́ta, ìlù wa náà sì fẹ́ràn kó máa pín ẹsẹ̀ kan sí mẹ́ta. Bí ẹ bá ti mọ iye yìí, ẹ fi àmì sí orí timeline yín (ìlà àkókò inú ètò tí ẹ fi ń ṣe fídíò) ní gbogbo ẹsẹ̀, kí ẹ tó ya ohunkóhun.

Ìyáàlù ni ẹ ó fi kọ́ bí nǹkan ṣe ń gbéra. Ẹ wo ọwọ́ onílù: bó ṣe ń fún ọsán mọ́ra, ohùn ń gòkè, bó ṣe ń dẹ̀ ẹ́, ohùn ń wálẹ̀. Kì í fò láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó ń yọ́ lọ ni, ó sì máa ń pẹ́ lórí ibi tó dé. Bí ẹ bá fi keyframe méjì (àmì ibi tí nǹkan ti gbéra àti ibi tó dé) sílẹ̀ nínú After Effects, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, láìfọwọ́ kàn wọ́n, ìlà tààrà ni yóò fún yín. Blender, ètò mìíràn, ní tirẹ̀ yóò dẹ orí méjèèjì lọ́gbọọgba. Kò sí èyí tó bá ohùn ìyáàlù mu nínú méjèèjì. Ẹ ṣí Graph Editor, ibi tí ìlà ìrìn náà ti ń hàn, kí ẹ jẹ́ kí ìlà náà gbéra kíá, kó wá rọra balẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ká ní Àdùkẹ́ ni orúkọ ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ń ṣiṣẹ́ fún. Dò, dò, mí ni. Ẹ jẹ́ kí sílébù méjì àkọ́kọ́ wọlé ní ìsàlẹ̀, kí wọ́n kanlẹ̀ lórí àmì ìlù, kí ẹ̀kẹta wá gòkè bí ohùn ṣe ń gòkè. Ẹni tó ń wò ó láìsí ohùn á ṣì máa gbọ́ orúkọ náà lọ́kàn. Iṣẹ́ tó máa ń dùn mọ́ mi jù láti ṣe nìyí.

Ìrísí wá kàn. Ẹ lọ wo ilẹ̀ àpáàdì ní Ìta Yemòó, n'Ífẹ̀ níbí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wò ó dáadáa: wọn kò tẹ́ àpáàdì náà sílẹ̀ gbalaja, wọ́n tò ó lóròó ni, etí rẹ̀ ló kọjú sókè. Ìlà kan dà sí ọ̀tún, èyí tó tẹ̀ lé e dà sí òsì, òkúta funfun wẹ́wẹ́ sì tò láàárín wọn. Àwọn àgbà ní Lúwòó, obìnrin tó jọba n'Ífẹ̀, ló ní kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ilẹ̀ ìlú. Àwọn awalẹ̀pìtàn sì gbé e sí nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400. Ẹ bá àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó yọ kámẹ́rà. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ, nígbà tí oòrùn ṣì wà nísàlẹ̀, torí òjìji kékeré tó wà lẹ́bàá etí àpáàdì kọ̀ọ̀kan ni gbogbo ẹwà rẹ̀. Lọ́sàn-án gangan, ilẹ̀ pupa lásán ni ẹ ó rí.

Ẹ má lẹ fọ́tò náà mọ́ iṣẹ́ yín. Ẹ ya àpáàdì kan ṣoṣo, kó tẹ̀ díẹ̀, kí etí rẹ̀ má gún régé. Ẹ dà á kọ, kí ẹ sọ ọ́ di púpọ̀, kí ìlà kejì wá kọjú sí òdìkejì. Bí ẹsẹ̀ ìlù yín bá jẹ́ frame 15, ẹ jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọlé frame 5 lẹ́yìn èyí tó ṣáájú. Mẹ́ta mẹ́ta yóò kún ẹsẹ̀ ìlù kan. Lẹ́yìn náà, ẹ yí àwọn kan díẹ̀, kí àwọn kan nípọn ju àwọn yòókù lọ, torí ọwọ́ èèyàn ló to ti Ìta Yemòó. Òkúta funfun kò gbọdọ̀ tètè jáde. Ẹ pa á mọ́ de ìgbà tí ìyáàlù bá dákẹ́.

Ní ti Reiniger: sísọ́ọ̀sì ló fi ń gé bébà dúdú, ó ń so oríkèé wọn pọ̀, ó ń tẹ́ wọn sórí gíláàsì tí iná wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì ń yà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọdún mẹ́ta ló fi ṣe fíìmù gígùn rẹ̀ tó jáde ní 1926. Òjìji dúdú ni àwọn àwòrán rẹ̀, síbẹ̀ èèyàn ń mọ ẹni tí inú ń bí. Ẹ ṣe é nílé: gíláàsì tábìlì, bébà títẹ́ẹ́rẹ́ funfun lórí rẹ̀, fóònù lókè tí kò gbọdọ̀ mì. Fọ́tò 12 tó fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ di ọ̀kọ̀ọ̀kan mú fún frame méjì. Iná oníbátìrì ni kí ẹ lò, torí iná ìjọba àti ti jẹnẹrétọ̀ ń lọ sókè sódò, fídíò yín á sì máa ṣẹ́jú. Ẹ ta aṣọ dúdú sí fèrèsé.

Bí ẹ bá tún fẹ́ ya èèyàn nínú gbọ̀ngàn tó níná gígùn, ẹ gbé kámẹ́rà sí frame 25 àti shutter (ìwọ̀n ìgbà tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ fún frame kan) 1/50. Iná Nàìjíríà jẹ́ 50 Hz, ìyẹn ni pé ó ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Frame 30 tí fóònù ń gbé wá kò bá a mu, ìdí nìyẹn tí àwòrán fi ń ṣẹ́jú.

Ẹni tó bá wà ní OAU, kó lọ dúró níwájú ilé Humanities, iṣẹ́ Arieh Sharon, ayàwòrán ilé. Àjà òkè kọ̀ọ̀kan yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, kó lè fi òjìji bo ó. Ẹ rọra gbé kámẹ́rà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ẹ ó rí bí lẹ́tà ṣe lè tò léra.

Bí ẹ bá parí, ẹ pa ohùn rẹ̀, kí ẹ pàtẹ́wọ́ tẹ̀ lé àwòrán. Bí ọwọ́ yín bá ń ṣìnà, ẹ padà sórí àmì ìlù. Bó bá ti bọ́ sí i, ẹ gbé e lọ fún onílù tí ẹ gba ohùn rẹ̀, ẹ jẹ́ kó wò ó kí oníbàárà tó rí i. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí ìparí fídíò, ẹ sì yọ tirẹ̀ fún un nínú owó iṣẹ́ náà.