Ẹ Má Dà Oògùn Sórí Òkú Iṣan: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Ìwádìí Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Ẹ̀dọ̀fóró

Ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yàrá ìwádìí wa wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. "Ẹ̀gbọ́n, oògùn tí wọ́n tà fún wa yìí kò ṣiṣẹ́ o." Ó fẹ́ kí n bá òun kọ̀wé sí ẹni tó tà á. Mo ní kó kọ́kọ́ gbé òrùka iṣan tó ń lò wá, ìyẹn ègé iṣan ẹ̀jẹ̀ tí a gé bí òrùka, kí n rí i. Kò sí ohun tó ṣe oògùn. Iṣan ló ti kú kí oògùn tó débẹ̀. Ìgò mẹ́ta ló ti dà sórí òkú!

Inú ń bí mi, ni mo ṣe jókòó kọ èyí. Ẹni tó ti ń lo myograph, ẹ̀rọ tí a ń fi wáyà gbé òrùka iṣan kọ́ láti wọn bó ṣe ń súnkì àti bó ṣe ń dẹ̀, ni mò ń bá wí. N kò ní í ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ.

1. Ẹ má fi ojú iṣan ibòmíràn wo ti ẹ̀dọ̀fóró. Bí ọ́síjìn bá dínkù, iṣan ara yòókù a máa fẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè wọlé. Ti ẹ̀dọ̀fóró a máa súnkì, kí ẹ̀jẹ̀ lè yà kúrò níbi tí atẹ́gùn kò dé, kó gba ibi tó dé lọ. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Von Euler àti Liljestrand, ti fi èyí hàn lára ológbò láti 1946. Síbẹ̀, ẹ ó rí ẹni tó ń fẹ́ gáàsì tí ọ́síjìn inú rẹ̀ jẹ́ 95% sínú omi Krebs, omi oníyọ̀ tí a fi ń mú kí iṣan wà láàyè, tó sì ń kọ ọ́ pé òun wo iṣan náà bó ṣe wà nínú ara gan-an. Ẹ̀jẹ̀ tí ara ti lo ọ́síjìn rẹ̀ ni iṣan yẹn ń gbé, ìfúnpá ọ́síjìn tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ kò ju nǹkan bí 40 mmHg lọ. Ẹ lo gáàsì yín, ṣùgbọ́n ẹ má purọ́ mọ́ ọn.

2. Ẹ má na òrùka náà dé ìwọ̀n ìfúnpá 100 mmHg. Iṣan ara yòókù ló ni nọ́ńbà yẹn. Nínú iṣan ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí ara rẹ̀ le, tó sì ń sinmi, ìpíndọ́gba ìfúnpá jẹ́ nǹkan bí 14, bó bá sì ti kọjá 20, àìsàn là ń pè é. Nọ́ńbà tí ẹni tó lo ẹ̀rọ kẹ́yìn fi sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà ló máa ń kó bá wọn. Wọn kì í wò ó.

3. Bí ẹ bá ń po omi Krebs, gáàsì kọ́kọ́, calcium lẹ́yìn. Bí omi yín bá ti rí bí omi ẹfun, ẹ dà á nù.

4. Awọ inú iṣan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà mọ́ mi díẹ̀, nítorí ibí yìí ló ń dùn mí.

Ìpele sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni awọ yìí, tí wọ́n ń pè ní endothelium, kò nípọn rárá. Bí orí ẹ̀mú bá kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó ti họ. Furchgott, onímọ̀ oògùn ńlá nì, fúnra rẹ̀ jìyà ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń rí i pé kẹ́míkà kan, acetylcholine, ń mú kí ègé iṣan ehoro súnkì, bẹ́ẹ̀ inú ara, ńṣe ló ń mú kí iṣan dẹ̀. Ìgbà tó yá ló hàn pé bí wọ́n ṣe ń ṣètò ègé náà ló ń họ awọ inú rẹ̀ kúrò. Òun àti Zawadzki tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé e jáde ní 1980. Ohun tí awọ yẹn ń tú jáde la wá mọ̀ pé ó jẹ́ gáàsì kan, nitric oxide, iṣẹ́ ọ̀hún sì wà lára ohun tó gba ẹ̀bùn Nobel fún òun, Ignarro àti Murad ní 1998.

Tèmi kò gba Nobel. Oṣù mẹ́rin ló gbà lọ́wọ́ mi. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣan àwọn eku tó ń ṣàìsàn kì í dẹ̀ mọ́, mo ti ya àwòrán rẹ̀, mo ti ń wá orúkọ ńlá tí n ó fún un. Ọ̀gá mi wá dúró lẹ́yìn mi lọ́jọ́ kan, ó ń wo bí mo ṣe ń ti wáyà bọ inú òrùka, tí mò ń fà á jáde, tí mo tún ń tì í padà. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìgò lò ń fọ̀ ni?" Àárọ̀ ni mo máa ń gé àwọn eku tí ara wọn le, nígbà tí ọwọ́ mi ṣì rọ̀. Àwọn aláìsàn di ọ̀sán, nígbà tí ó ti rẹ̀ mí. Àìsàn tí mo rí, ìka mi ló wà.

Nítorí náà, ọ̀rá ẹ̀yìn iṣan ni kí ẹ fi ẹ̀mú dì mú, kì í ṣe iṣan gan-an. Wáyà a wọlé lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Ẹ fi KCl (iyọ̀ potassium) wò ó bóyá ó lè súnkì, kí ẹ wá fi acetylcholine wò ó bóyá ó lè dẹ̀. Ẹ má sì sọ pé gbogbo òrùka tí kò bá dẹ̀ ni ẹ ó jù nù, nítorí lára eku tó ń ṣàìsàn, àìdẹ̀ yẹn lè jẹ́ àìsàn gan-an tí ẹ ń wá. Ẹ fi sodium nitroprusside, oògùn tó ń mú iṣan dẹ̀ láìní í ṣe pẹ̀lú awọ inú, sí i: bó bá dẹ̀, ẹran iṣan ṣì wà láàyè, awọ inú ni ẹjọ́ kù sí. Nígbà náà, ẹ gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù kí ẹ rí i bóyá awọ ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀. Kí ẹlòmíràn da eku náà pọ̀ mọ́ra wọn, kí ẹ má mọ èyí tí ẹ ń gé.

Ibo ni mo kà á dé? Ẹ bá mi kà á.

Monocrotaline, ohun tí a fi ń dá àìsàn iṣan ẹ̀dọ̀fóró sílẹ̀ lára eku: eku ńlá ni kí ẹ fún, ẹ má rà á fún ẹlírí. Ẹ̀dọ̀ ló ń sọ ọ́ di májèlé, ti ẹlírí kì í sì í ṣe é dáadáa.

Ẹ da DMSO, omi tí a fi ń yọ́ oògùn, sórí òrùka kan láìsí oògùn nínú rẹ̀. Ẹ dákun.

Òrùka mẹ́rin láti ara eku kan, eku kan náà ni. Ìka mẹ́rin ọwọ́ ẹnìkan kì í ṣe ènìyàn mẹ́rin. Ẹnìkan bá mi jiyàn lórí èyí títí ilẹ̀ fi ṣú, ó sì lọ tẹ "n = 24" síbẹ̀, bí ẹni pé eku mẹ́rìnlélógún ló lò. Eku mẹ́fà ló gé.

Ẹ má ti catheter, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wọn ìfúnpá nínú iṣan, wọlé láìfi ẹ̀rọ ìfúnpá sí òdo, ní ibi tí ọkàn wà. Mo ti wọn eku kan rí tí ìfúnpá rẹ̀ wà nísàlẹ̀ òdo. Ó ń mí.

Ọmọ yẹn padà wá lónìí. Òrùka tuntun méjì, ọ̀rá ṣì wà lẹ́yìn wọn. Ó kán acetylcholine sí i, ìlà ojú kọ̀ǹpútà sì rọra wálẹ̀, ó ń wálẹ̀ ṣáá. Ó nawọ́ sí ìgò oògùn tó ṣẹ́ kù. Mo ní kó dá a padà sínú fìríìjì ná, kó lọ ṣe eku márùn-ún sí i.