Imú Tí Kò Gba Eruku: Ìtọ́jú Àlẹ́jì Imú Nílé Lásìkò Ọyẹ́ ní Èkìtì

Tí ọyẹ́ bá ti mú, láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kejì, ẹni tí imú rẹ̀ kò gba eruku kì í sinmi. Láti orí bẹ́ẹ̀dì ni yóò ti bẹ̀rẹ̀: á sín lẹ́ẹ̀mẹfà, lẹ́ẹ̀mẹjọ léraléra, omi tó mọ́ gaara á máa sun nímú rẹ̀, imú á máa yún un, ojú á pọ́n. Kò ní ibà, ara kò ro ó. Ó lè fúyẹ́ tó bá di ọ̀sán, àfi kó dé ibi tí wọ́n ti ń lọ èlùbọ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kàtá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é, wọ́n á sì lọ ra kápúsù aláwọ̀ méjì. Owó ṣòfò ni. Oògùn tí ń pa kòkòrò àrùn kò ní nǹkan tí yóò pa níbẹ̀. Àlẹ́jì imú ni: ara ló ka eruku sí ọ̀tá, tó wá ń fi omi àti sísín lé e jáde.

Ọ̀fìnkìn sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, ikun a máa ki, ara lè gbóná, ẹlòmíràn nínú ilé á sì kó o. Àlẹ́jì kì í ràn. Èyí tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti gbálẹ̀ tàbí tí ẹ gbọn aṣọ bẹ́ẹ̀dì ló ń dé, kì í ṣe ọ̀fìnkìn mọ́.

Atẹ́gùn ló ń gbé eruku ọyẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sahara, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti apá Chad, kò sì sẹ́ni tó lè ní kó má wá. Àmọ́ òun nìkan kọ́ ló ń dá wa láàmú. Kòkòrò tíntìntín tí ojú kò rí wà nínú fóòmù àti ìrọ̀rí, tí ń jẹ ìpẹ́pẹ́ ara wa. Ìgbẹ́ rẹ̀ ni imú ń bá jà. Ìgbẹ́ aáyán wà níbẹ̀, èbu tó ń hù lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù nígbà òjò náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èérí ara adìyẹ àti ewúrẹ́. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ ọ́ sínú ìwé kékeré: aago tí sísín bẹ̀rẹ̀, ibi tí ẹ wà, ohun tí ẹ ń ṣe. Ẹni tó ń sín láago márùn-ún ìdájí kó tó jáde nílé, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ fura sí, kì í ṣe oko.

Omi iyọ̀

Nínú gbogbo ohun tí a lè fi ọwọ́ ara wa ṣe nílé, omi iyọ̀ la lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí jù. Kì í wo àlẹ́jì tán. Ó kàn ń ṣan eruku àti ikun kúrò kí wọ́n tó pẹ́ nínú imú, bí a ti ń ṣan ẹsẹ̀ oko kí a tó wọlé.

Ẹ gbé omi kaná. Tó bá ti ń hó yaya, ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Mẹ́ta kò burú. Ẹ dé e, kí ẹ jẹ́ kó tutù di ìlọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ wá wọn 50cl nínú rẹ̀, ìyẹn ẹ̀kún ìgò oníke kékeré kan tó mọ́, sínú jọ́ọ̀gì tí ẹ ti fi omi gbígbóná ṣàn. Ẹ bu iyọ̀ ìsebẹ̀ ṣíbí tíì kan, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kó rí pẹrẹsẹ, kí ẹ dà á sí i. Tí baking soda bá wà, ìlàjì ṣíbí tíì rẹ̀ á jẹ́ kó rọ imú lọ́rùn. Tí kò bá sí, iyọ̀ nìkan tó. Káún kọ́ là ń wí o, baking powder tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì náà kọ́. Ẹ rò ó títí iyọ̀ á fi yọ́ tán.

Ẹ má fojú díwọ̀n iyọ̀ náà. Ṣíbí kan nínú 50cl sún mọ́ ìwọ̀n iyọ̀ tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, ìdí nìyẹn tí kì í fi í ta. Omi lásán ń ta imú gan-an, ẹni tó bá ti rì sómi odò rí mọ bó ṣe ń dun ni. Iyọ̀ àpọ̀jù náà á sì jó o.

Ẹ ra síríńjì 20ml ní kẹ́míìsì, kí ẹ yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ dànù. Ẹ tẹ̀ síwájú lórí abọ́, ẹ yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ihò imú kan wà lókè. Ẹ la ẹnu, kí ẹ máa fi ẹnu mí. Ẹ fi ẹnu síríńjì sí etí ihò imú tó wà lókè, ẹ má kì í bọnú, ẹ má sì kọjú rẹ̀ sí egungun àárín imú. Apá etí ẹ̀gbẹ́ kan náà ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Ẹ tì í jẹ́jẹ́. Omi á gba ihò kejì jáde, tàbí kó gba ẹnu. Ẹ tu ú dànù. Síríńjì mẹ́fà fún ẹ̀gbẹ́ kan, mẹ́fà fún èkejì. Tí ẹ bá ṣe é láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, 480ml ni ẹ lò, ìgò kan sì tó fún odidi ọjọ́ kan. Èyí tó bá kù lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ dà á nù. Ẹ fi ọṣẹ fọ síríńjì, ẹ fi omi sísè ṣàn án, kí ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ kó gbẹ.

Tí etí bá dí tàbí tó ń ró lẹ́yìn rẹ̀, ó jẹ́ pé ẹ gbé omi mì nígbà tí ẹ ń tì í, tàbí ẹ di ihò imú méjèèjì pọ̀ fun ún pẹ̀lú agbára. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni a ń fun, jẹ́jẹ́. Tí omi bá dédé já lu àwo oúnjẹ ní ìdajì wákàtí sí i, inú ihò egungun ojú ló ti sápamọ́. Kí ẹ tó kúrò nídìí abọ́, ẹ tẹrí ba, ẹ yí orí sí ọ̀tún, ẹ yí i sí òsì, á ṣàn jáde. Ẹ má ṣe é tí imú bá dí pa lápá méjèèjì, tí etí bá ń dùn yín, tí imú bá ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú tàbí imú fún yín. Ọmọ tí kò tíì lè dúró jẹ́ẹ́, ẹ má fi síríńjì dè é mọ́lẹ̀: ẹ kán omi iyọ̀ náà ẹ̀kán méjì sí mẹ́ta sí ihò imú kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún.

A tún un sọ nítorí pé níbí ni ewu wà: omi tí kò hó kò gbọdọ̀ wọ imú. Kì í ṣe omi kànga, kì í ṣe omi borehole, kì í ṣe omi ẹ̀rọ. Omi inú ọ̀rá pàápàá, ẹ sè é. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó fẹ́ràn omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tí ènìyàn bá mu ún, kì í ṣe é ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n tó bá gba imú wọlé, ọpọlọ ló ń lọ, ẹni tó bá sì dé ọpọlọ rẹ̀ kì í sábà yè é. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an, àmọ́ kí omi hó fún ìṣẹ́jú kan gbáko ti tó láti pa á. Ẹni tó bá wá bi wá léèrè nípa omi gbígbóná Ìkògòsì, èsì kan náà ni: láti inú ilẹ̀ ló ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ wá, kò hó. Ẹ fi wẹ̀, ẹ má fi ṣan imú.

Ohun tí kò yẹ kó dé inú imú

Omi ewé ẹfinrin, omi ewúro, omi àlùbọ́sà, áṣáà: gbogbo rẹ̀ ló ń mú ni sín, ikun á sì já, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi rò pé ó ṣiṣẹ́. Awọ inú imú ló bó. Lọ́jọ́ kejì á tún wú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kẹrosíìnì kò yẹ ní dídárúkọ pàápàá. Ìpara tó ń ta wìnrìn, àyà tàbí ẹ̀yìn ni wọ́n ń fi í pa, kì í ṣe inú ihò imú, a kì í sì í fi kan ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì.

Òrí yàtọ̀. Ẹ fi ọmọ ìka mú èyí tó tó ẹyọ ìrẹsì kan, kí ẹ fi pa etí ihò imú yíká kí ẹ tó jáde láàárọ̀ ọyẹ́. Kì í jẹ́ kí awọ ibẹ̀ gbẹ kó là, eruku díẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ ọn kó tó wọlé. Ẹ nù ún kúrò lálẹ́. Ẹ má yọ́ ọ kán sínú imú: òróró tó bá ń ṣàn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró díẹ̀díẹ̀ lè fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí kò ní tètè hàn.

Bẹ́ẹ̀dì àti yàrá

Wákàtí mẹ́jọ ni imú wà lórí ìrọ̀rí lójúmọ́, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Ìrọ̀rí òwú àràbà tó ti pé ọdún mẹ́wàá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sun ún. Ẹ fi ọ̀rá líle tàbí tapólì bo fóòmù látòkè délẹ̀, kí ẹ lẹ ẹnu rẹ̀ pa, kí ẹ tó tẹ́ aṣọ lé e. Ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ rẹ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti ti ìrọ̀rí sínú omi tó gbóná tó 60°C, nítorí omi tútù kì í pa kòkòrò inú rẹ̀. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n ìgbóná lè da ìkòkò méjì omi tó ń hó mọ́ ìkòkò kan omi tútù, kí ó rẹ aṣọ síbẹ̀ fún ìdajì wákàtí, kí ó dé e. Igi ni kí ẹ fi rò ó, kì í ṣe ọwọ́. Tí ọyẹ́ bá ń bu yẹ̀rìyẹ̀rì, ẹ má fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ níta dìrọ̀lẹ́. Bó bá ti gbẹ, ẹ ká a wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ eruku lẹ kó wá sórí bẹ́ẹ̀dì.

Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn olóògùn náà ń gba eruku, àmọ́ fífọ̀ lemọ́lemọ́ á ṣan oògùn ara rẹ̀ dànù. Ẹ máa gbọ̀n ọ́n níta, kí ẹ má fọ̀ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Ọṣẹ ìfọṣọ lásán ni, láìlo bílíìṣì, abẹ́ òjìji ni kó ti gbẹ. Ó sàn ju kí ẹ máa sun kọ́ìlì ẹ̀fọn, èéfín rẹ̀ nìkan tó láti mú imú ṣíṣàn bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ tó gbálẹ̀, ẹ wọ́n omi sí i, tàbí kí ẹ fi aṣọ tútù nu ún. Ẹni tó ní àlẹ́jì kó jáde, kó má padà fún ìdajì wákàtí. Fáànù àjà ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé: ẹ fi àpò ìrọ̀rí ògbólógbòó wọ apá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹní wọ ìbọ̀sẹ̀, kí ẹ wá fà á jáde. Inú àpò ni eruku á bọ́ sí, kò ní já lu bẹ́ẹ̀dì.

Lóko àti nídìí iṣẹ́

Èlùbọ́ lílọ̀, kòkó gbígbẹ tí wọ́n ń dà sápò, ẹ̀rọ ìrẹsì ní Ìgbẹmọ, kíkó ìgbẹ́ adìyẹ: ìbòmú aláwọ̀ búlúù tẹ́ẹ́rẹ́ kò gba ènìyàn lọ́wọ́ ìwọ̀nyí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni eruku ń gbà wọlé. Ìbòmú líle tí wọ́n ń pè ní N95, tó ń lẹ̀ mọ́ ojú yíká, ló tó nǹkan. Ẹ tẹ irin orí rẹ̀ mọ́ ọwọ́n imú, kí ẹ mí síta gidi. Tí atẹ́gùn bá fẹ́ sójú yín, kò tíì dí. Irùngbọ̀n kì í jẹ́ kó dí. Tó bá tutù tàbí tó ṣòro láti gbà á mí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ dúró kí atẹ́gùn ti ẹ̀yìn yín wá, kó máa gbé eruku lọ síwájú. Tí ẹ bá délé, ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́ síta, ẹ wẹ̀ torí tẹsẹ̀, ẹ ṣan imú, kí ẹ tó fara kan bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó ń yan gàrí kó jókòó síbi tí èéfín kò kọjú sí. Kì í ṣe àlẹ́jì ni èéfín ń fà fún gbogbo ènìyàn, àmọ́ ó ń bu iná sí èyí tó ti wà.

Ohun mímu àti ooru

Atalẹ̀ tó tó àtàǹpàkò kan tí a gé wẹ́wẹ́ sínú ife omi gbígbóná ń tu ọ̀fun lára. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oyin dára nínú rẹ̀, ó sì dùn. Kì í wo àlẹ́jì, ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò sì gbọdọ̀ tọ́ ọ wò rárá. Àgbàlagbà lè fa ooru omi gbígbóná símú fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Orí tábìlì tó dúró dáadáa ni kí abọ́ wà, kí ẹ sọ omi náà kalẹ̀ lórí iná fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó kan ojú. Ọmọdé, ẹ má bò ó lórí omi gbígbóná; àwọn tó ti jó lára báyìí kò kéré.

Kẹ́míìsì àti ilé ìwòsàn

Oògùn ìkánmú tó ń là á lójú ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ márùn-ún lọ. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, òun gan-an ni yóò máa dí imú, ẹ ó sì máa rò pé àlẹ́jì ló le sí i. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kó kọ́kọ́ béèrè. Nínú oògùn àlẹ́jì onípíìsì, Piriton ń mú ni sùn; ẹni tó máa gun ọ̀kadà tàbí tó máa dúró nídìí ẹ̀rọ kó béèrè fún loratadine, ẹyọ kan 10mg lójúmọ́ fún àgbàlagbà. Aláboyún kó má dá oògùn kankan lò. Omi iyọ̀ kò ní ewu fún un.

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tí àyà bá ń ró fìì-fìì tàbí tí èémí kò délẹ̀, tí ojú tàbí iwájú orí bá ń dùn pẹ̀lú ibà, tí ikun bá ki fún ohun tó ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde lemọ́lemọ́. Dókítà etí, imú àti ọ̀fun wà ní ilé ìwòsàn ńlá yunifásítì ìpínlẹ̀ ní Adó-Èkìtì, ó wà ní ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì pẹ̀lú. Ẹ mú ìwé ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ kọ dání, àti páálí gbogbo oògùn ìkánmú tí ẹ ti lò. Ọmọdé tí ihò imú kan ṣoṣo ń ṣe òórùn burúkú, tí ikun sì ń ti ibẹ̀ jáde, ẹ má ṣan án, ẹ má sì fi ìka wá a: ẹ̀wà, àgbàdo tàbí ìlẹ̀kẹ̀ ló sábà ń wà níbẹ̀, ẹ sì gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Tó bá jẹ́ bátìrì aago bíńtín ni, ẹ má dúró rárá, nítorí láàárín wákàtí díẹ̀ ló ń jẹ ẹran inú imú.