Bí A Ṣe Ń Mọ Ohun Tí Ọwọ́ Wa Ń Ṣe sí Omi Etíkun

Níbi tí òkun bá ti ya wọ inú ilẹ̀, tí ilẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i ká tán, omi ibẹ̀ dà bí omi inú àwo tí etí rẹ̀ kan ṣoṣo fọ́: kì í tètè jáde. Ohun tí àgbàrá bá gbá láti oko àti ẹ̀yìnkùlé wa, ibẹ̀ ló ń kó sí. Nítorí náà, yíyẹ omi yìí wò kì í ṣe iṣẹ́ apẹja nìkan.

Ẹ má fi ìwò ẹ̀ẹ̀kan dájọ́. Omi tó pọ́n lónìí lè jẹ́ ti òjò àná. Ẹ yan ojú ibi mẹ́ta: ẹnu odò tó ń ṣàn wọlé, àárín omi, àti ibi tó kọjú sí òkun. Ẹ máa lọ síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, nígbà tí omi bá kún tó ti tẹ́lẹ̀ tàbí tó fà tó ti tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ bóyá òjò rọ̀. Lójú tèmi, ìwé yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Láìsí i, àríyànjiyàn lásán ló kù.

Láti mọ bí omi ti mọ́ tó, àwo funfun pẹrẹsẹ tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 30 sẹ̀ǹtímítà ti tó. Angelo Secchi, àlùfáà ará Ítálì, ló dán an wò lórí òkun ní 1865. Ẹ so ohun wúwo mọ́ ìdí rẹ̀, kí ẹ ta kókó sára okùn ní 10 sẹ̀ǹtímítà sí ara wọn. Lọ́sàn-án, níbi òjìji ọkọ̀, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ kọ ibi tí kò ti hàn mọ́ àti ibi tó ti tún hàn bí ẹ ṣe ń fà á sókè. Àárín méjèèjì ni ìwọ̀n yín. Bí ìwọ̀n náà bá ń dínkù lóṣooṣù, ẹ wo àwọ̀ omi. Bó bá pọ́n, ilẹ̀ ló ń wọ́ lọ láti òkè odò.

Bó bá di àwọ̀ ewé, ọ̀rọ̀ ajílẹ̀, ìgbẹ́ ẹran àti ṣalángá ni. Ohun tó ń mú irúgbìn gbèrú lóko náà ló ń mú ewéko wẹ́wẹ́ inú omi pọ̀ sí i. Bí wọ́n bá kú tí wọ́n ń jẹrà, wọ́n á gba afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó yẹ kí ẹja mí. Bí ọ́síjìn náà bá wálẹ̀ ju mílígíráàmù 2 nínú lítà omi kan, ẹja tó lè sá á sá. Akàn àti àwọn ẹran inú ìkarahun á kú síbẹ̀. Ìdájí ni kí ẹ lọ wò ó, torí òru ni ọ́síjìn ń dínkù jù: ẹja á máa la ẹnu lójú omi.

Ṣùgbọ́n omi mímọ́ náà lè ní májèlé. Ní Minamata, ní Japan, mẹ́kúrì láti ilé iṣẹ́ kan wọ inú ẹja. Àwọn ológbò tó jẹ ẹja náà ń gbọ̀n, wọ́n ń kú, kí àwọn dókítà tó kéde àìsàn náà lára ènìyàn ní 1956. Irú àmì bẹ́ẹ̀ kò ṣe é fojú fò.

Ẹ má da ajílẹ̀ nígbà tí òjò bá ṣú. Ẹ fi koríko sílẹ̀ létí odò, ẹ má sì fọ ìkòkò oògùn oko síbẹ̀. Bí ẹja bá kú lójijì, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má tà á: ẹ bu omi sínú ìgò mímọ́, ẹ gbé e sínú yìnyín, kí ẹ sì pe òṣìṣẹ́ àyíká lọ́jọ́ náà gan-an.