Bẹ́ ẹ ṣe máa ka ọ̀rọ̀ epo àti gáàsì nínú àdéhùn òwò

Ẹ má wulẹ̀ wá iye owó, owó kì í sábà sí nínú àdéhùn ìjọba sí ìjọba, inú kọ́ńtíráàkì ẹni tó ń tà àtẹni tó ń rà ló máa ń wà. Ohun tẹ́ ẹ máa wá ni pé ta ni wọ́n so lọ́wọ́.

Ẹ wo NAFTA, àdéhùn òwò tí Kánádà, Mẹ́síkò àti Amẹ́ríkà jọ ṣe. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé tí Kánádà bá fẹ́ dín epo tó ń tà kù, ìpín tí Amẹ́ríkà ń rà nínú ohun tí Kánádà ń pèsè láàárín oṣù 36 sẹ́yìn ò gbọ́dọ̀ já wálẹ̀, Mẹ́síkò ní tiẹ̀ sì kọ̀, wọ́n yọ ọ́ kúrò ńbẹ̀. Oṣù keje 2020 tí àdéhùn tuntun tó rọ́pò NAFTA bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni Kánádà tó bọ́. Ìwé kan náà o, àmọ́ ẹrù ò dọ́gba.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ọ̀nà tí epo tàbí gáàsì ń gbà kọjá. Páìpù gáàsì tó gbéra láti Ìtòkí nípìńlẹ̀ Ògùn, tó gba Àgbádárìgì wọ òkun lọ sí Kútọnu, Lomé, Tema títí dé Takoradi, nǹkan bíi kìlómítà 678 ni, àdéhùn tí Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2003 ló gbé àjọ kan ṣoṣo kalẹ̀ láti máa bójú tó o, kó má lọ di pé ìlú kọ̀ọ̀kan ń gbé òfin tiẹ̀ ka páìpù lórí. Ìyẹn dáa gan-an. Síbẹ̀, lóṣù kẹjọ 2012 páìpù yẹn bàjẹ́ nínú omi Tógò, gáàsì dá, ó sì di ọdún tó tẹ̀ lé e kó tó tún débẹ̀, àwọn ará Gánà ló jókòó sínú òkùnkùn. Torí náà, ẹ fi ìka tẹ̀ lé e dáadáa tẹ́ ẹ bá débi tí wọ́n ti kọ ẹni tó máa san gbèsè tí gáàsì bá dá.

Èyí tó ń ká mi lára jù ni ọ̀nà tí ìlú lè gbà jáde kúrò nínú àdéhùn, ẹ̀yìn ìwé ló sì máa ń wà. Nínú Energy Charter Treaty, ìyẹn àdéhùn tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ ṣe lórí òwò epo, gáàsì àti iná mànàmáná, ẹ ka abala 47: ìlú tó bá jáde, ọdún 20 ló ṣì máa fi dáàbò bo owó táwọn àjèjì ti kó wọlé ṣáájú. Ítálì jáde ní 2016, síbẹ̀ ní 2017 iléeṣẹ́ epo kan tó ń jẹ́ Rockhopper pè é lẹ́jọ́ torí pé kò fún wọn láṣẹ láti wa epo nínú òkun Adriatic tó wà lẹ́bàá Ítálì. Tí aṣòfin yín bá fẹ́ fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ pé ọdún mélòó ló wà níbẹ̀ lẹ́yìn tá a bá jáde, kó sì fi ojú ìwé tó wà hàn yín.