Bí a ṣe rí owó kánsù gbà fún ọdún àṣà wa

Ẹ̀ẹ̀mejì ni kánsù àdúgbò wa ní Lọ́ńdọ̀nù dá fọ́ọ̀mù wa padà. Ọdún àṣà ọ̀fẹ́ la fẹ́ ṣe ní páàkì. Mo ti ń bínú sí wọn, àṣé ọwọ́ mi ni àṣìṣe wà.

Àkáǹtì ara mi ni mo kọ síbẹ̀. Wọn kì í san irú owó bẹ́ẹ̀ sápò ẹnì kan. A ṣí àkáǹtì lórúkọ ẹgbẹ́, ẹni méjì tí kì í ṣe ẹbí ló ń fọwọ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko! Báńkì ò mọ̀ pé à ń kánjú.

Ó wá ku ìṣirò. "Onílù: £600" ni mo kọ tẹ́lẹ̀. Mo tú u palẹ̀: ìyáàlù kan, gángan méjì, omele kan, £150 fún onílù kọ̀ọ̀kan. Mo ka iṣẹ́ ọ̀fẹ́ àwọn ìyá tó ń dáná mọ́ ìdáwó tiwa.

Torí ẹmu tá a fẹ́ tà, mo san £21 fún Temporary Event Notice, ìwé tá a fi ń sọ fún kánsù pé a fẹ́ ta ọtí níbi ayẹyẹ ráńpẹ́. Èrò kò gbọdọ̀ ju 499 lọ, ìwé náà sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ kánsù ní ọjọ́ iṣẹ́ 10 ṣáájú.

Owó wọlé lọ́jọ́ Ẹtì. Àwọn ìyá ti ń bi mí ní iye ẹ̀wà tí wọn máa rẹ.