Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Àwọn Tí Ń Lọ Mu Ibógà ní Gàbọ́n

Ẹni tí ó ti pinnu láti lọ mu ibógà kò nílò kí n tún sọ fún un pé èèpo gbòǹgbò igi ni, pé àwọn ẹlẹ́sìn Bwiti ni wọ́n ni ín, tàbí pé ìran rẹ̀ lè gba odidi ọjọ́ kan. Ohun tí ó ń bí èmi nọ́ọ̀sì nínú, tí wọ́n ń gbé fọ́ọ̀mù ibùdó tí wọ́n ti fẹ́ mu ún wá bá ní Ìjẹ̀bú-Òde, ni owó tí wọ́n ń dà nù kí wọ́n tó kúrò nílé.

Àkọ́kọ́ ni sísan owó kí a tó yẹ ọkàn wò. Ibógà a máa mú kí àkókò tí ọkàn fi ń múra sílẹ̀ fún lílù mìíràn gùn, bí ó bá sì gùn jù, ìlù ọkàn lè dàrú kí ó sì dákẹ́. ECG, ìyẹn àyẹ̀wò tí ń ya ìlù ọkàn sórí ìwé, ni ó ń fi èyí hàn, kì í sì í pẹ́ rárá. Síbẹ̀, àwa Ìjẹ̀bú tí ayé ń fi owó ṣíṣọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ni a ń san owó ibùdó, ti físà àti ti ọkọ̀ òfuurufú tán kí a tó wádìí bóyá ọkàn wa gbà á.

Èkejì: ẹ má gbàgbé káàdì àjẹsára ibà pọ́njú.

Ẹ̀kẹta, èyí tí wọ́n fi ń pè mí ní Mọ́mì Àgbo-Ńkọ́ ní àdúgbò, ni fífi oògùn pamọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin agégẹdú kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó fọwọ́ sọ̀yà níwájú mi pé òun kì í lo oògùn kankan. Mo ní, “Ọmọ mi, ibà ńkọ́?” Ó ní, “Háà, Mọ́mì, ìyẹn náà ni oògùn? Àná ni mo lò ó tán.” Mo ní àgbo ńkọ́? Ó ní ìyá òun se àgbo jẹ̀díjẹ̀dí kí inú òun lè mọ́, òun sì ti ń yàgbẹ́ láti ọjọ́ Ajé. Nígbà tí a fi máa dé orí tramadol tí ó ń lò sí ẹ̀yìn dídùn, mo ti pa bírò mi dé.

Àwọn oògùn ibà kan, bíi quinine àti artemether-lumefantrine, ń ṣe ohun kan náà tí ibógà ń ṣe sí ìlù ọkàn. Ìgbẹ́ gbuuru a máa fọ èròjà ara tí ń jẹ́ potassium kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, àìtó rẹ̀ sì tún ń da ìlù náà rú. Ẹni tí ó bá ń lọ mu ayahuasca, àgbo mìíràn tí ń mú ni rí ìran, ní Peru kò bọ́, nítorí pé bí tramadol tàbí oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá pàdé rẹ̀ nínú ara, ara lè gbóná fòò, iṣan a máa gbọ̀n, ènìyàn sì lè kú. Fluoxetine, ọ̀kan nínú àwọn oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì náà, lè wà lára fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 5 lẹ́yìn tí a bá ti dá a dúró. Dókítà nìkan ni ó sì yẹ kí ó dá a dúró.

Agégẹdú mi ní ìlara ni mo ń ṣe, ó sì wá ẹlòmíràn tí ó bá a fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Ní Gàbọ́n, wọ́n tún ọkàn rẹ̀ yẹ̀ wò, wọ́n sì dá a padà. Kò rí ìran kankan, àfi ti àpò rẹ̀ tí ó ṣófo.

Ààwẹ̀ gbígbẹ, tí a kì í fi omi kan ẹnu, kí a tó lọ tún wà níbẹ̀. Ẹ má gbà á. Èébì ń bọ̀ wá fa omi ara yín tó.

Ẹni tí òun tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ bá ti ní àrùn ọpọlọ tí ń mú ni gbọ́ ohùn tí kò sí, kí ó jókòó sílé.

Ẹ má gbé ayahuasca wọ Nàìjíríà; àjọ NDLEA lè torí DMT, èròjà tí ń mú ìran wá nínú rẹ̀, mú yín.

Àwọn kan sì ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ sí ọjọ́ kejì tí wọ́n mu ún, nítorí pé régbérégbé wọn ti dá aṣọ Ojúde Ọba. Ohun tí ara ń sọ ibógà dà, tí ń jẹ́ noribogaine, a máa wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí ìran ti tán, ewu ọkàn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ibùdó ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọkàn yín ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, kí ẹ sì jẹ́ kí régbérégbé jó tiwọn lọ.